Wavemaker méjì, síbẹ̀ ìdọ̀tí ń kó sẹ́yìn òkúta: ibo ni ìṣàn omi yìí ti wọ́?

Olùtọ́jú_Iyùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa táǹkì omi iyọ̀ tí a ti ń tọ́jú iyùn (coral, ẹran inú òkun). Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìṣirò yìí.

Táǹkì: 120 cm ní gígùn, 50 cm ní ìbú, 50 cm ní gíga, sump (táǹkì kékeré tí ẹ̀rọ ìfọmi-mọ́ wà nínú rẹ̀) wà lábẹ́ rẹ̀. Pọ́ǹpù tó ń ti omi láti inú sump padà sókè: 3,000 lítà ní wákàtí ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Wavemaker (pọ́ǹpù inú táǹkì tó ń ti omi káàkiri) méjì, 4,000 lítà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà lára gíláàsì ọ̀tún, ọ̀kan lára gíláàsì òsì, àárín gbùngbùn ni mo lẹ̀ wọ́n mọ́, wọ́n sì kọjú síra. Agbára kan náà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Tí mo bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 11,000 lítà ló ń yí nínú táǹkì 300 lítà, ó lé ní ìlọ́po 36.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Pàǹtírí ń kó jọ sẹ́yìn òkúta, cyano pupa (cyanobacteria, irú bakitéríà kan) sì ti tẹ́ bí aṣọ sórí yanrìn ní igun ẹ̀yìn lápá òsì. Yanrìn àárín ti fò lọ, gíláàsì ìsàlẹ̀ ti yọjú. Torch (iyùn ọlọ́wọ́ gígùn) tó wà lápá ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ kan ló fi ń na ọwọ́, ẹ̀gbẹ́ kejì ti ká wọlé. Acropora (iyùn ẹlẹ́ka) méjì tó wà lókè ń dàgbà, àmọ́ ìdí wọn ti ń funfun. Òkúta jẹ́ odi gbọọrọ kan tó fara ti gíláàsì ẹ̀yìn láti òpin dé òpin.

Ṣé kí n fi wavemaker kẹta kún un ni, àbí kí n pààrọ̀ méjèèjì sí èyí tó lágbára jù?

---

Olómi_Iyọ̀:

Ẹ má tíì ra ohunkóhun. Pọ́ǹpù tí ẹ ní tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ẹ gbé wọn sí, àti odi òkúta yẹn, ló ń da ọ̀rọ̀ rú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ìṣirò ṣe. 300 lítà yẹn, ìwọ̀n ìta táǹkì ni. Tí ẹ bá yọ ìnípọn gíláàsì, òkúta, yanrìn àti àyè tí omi ò dé lókè, omi tó kù kò ní ju bíi 240 sí 250 lítà lọ. Èkejì, 3,000 tó wà lára páálí jẹ́ ti ìgbà tí pọ́ǹpù ò gbé omi ga rárá. Láti sump dé etí táǹkì á ju mítà kan lọ, ìgbọ̀nwọ́ páìpù kọ̀ọ̀kan sì tún ń gba tirẹ̀ lára agbára náà. Ẹ wọ̀n ọ́n: ẹ gbé garawa 10 lítà sí ẹnu páìpù tó ń tú omi sókè, kí ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tó gbà kó tó kún, kí ẹ fi iye yẹn pín 36,000. Lítà ní wákàtí ni ìdáhùn. Tó bá gba ìṣẹ́jú àáyá 24, a jẹ́ pé 1,500 lítà péré ló ń dé òkè.

Kódà, ẹ má ka ti pọ́ǹpù yẹn mọ́ ìṣàn tí iyùn ń rí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gbé omi lọ bá skimmer (ẹ̀rọ tó ń fi ìfófòó yọ ìdọ̀tí) àti ẹ̀rọ amómigbóná, kí overflow (ibi tí omi ti ń ṣàn láti òkè táǹkì lọ sí sump) sì máa gbá ọ̀rá ojú omi lọ. Ìlọ́po 4 sí 6 ní wákàtí ti tó o. Ọ̀dọ̀ wavemaker ni iyùn ti ń gba ìpín tirẹ̀. Nítorí náà 8,000 lórí 250 ni ká kà: ìlọ́po 32. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ń lò, bíi 10 sí 20 ni fún iyùn rírọ̀, 20 sí 30 fún LPS (iyùn líle tí pólípù, ìyẹn ara kéékèèké rẹ̀, tóbi), 40 sókè fún Acropora àti àwọn SPS (iyùn líle tí pólípù rẹ̀ kéré) ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìfojúdíwọ̀n ni o, kì í ṣe òfin. Tiyín wà láàárín, nítorí náà nọ́ńbà kọ́ ni àìsàn yìí.

Iyùn ò lè dìde lọ wá ohun tó fẹ́. Omi ló ń gbé ọ́síjìn àti oúnjẹ bá a, òun náà ló ń kó ikun àti ìgbẹ́ rẹ̀ lọ. Lọ́sàn-án, tí iná bá mú, omi yìí kan náà ló ń gbá àpọ̀jù ọ́síjìn kúrò lára rẹ̀. Ìpele omi tín-ínrín kan wà tó lẹ̀ mọ́ awọ iyùn, tí kì í fẹ́ẹ́ yí. Ohunkóhun tó ń wọlé tàbí tó ń jáde gbọ́dọ̀ gba inú ìpele náà kọjá. Bí omi ìta bá ṣe ń rú tó ni ìpele yìí ń fẹ́lẹ́ tó. Tí omi bá wá ń gba ojú kan ṣoṣo láti àárọ̀ dalẹ́, iwájú iyùn nìkan ló ń jàǹfààní, ẹ̀yìn rẹ̀ wà níbi tí omi ti kú. Ohun tí torch yín ń sọ gan-an nìyẹn.

Ẹ wá wo táǹkì yín. Omi ọ̀tún àti omi òsì, tí agbára wọn dọ́gba, forí gbárí láàárín. Ṣe ni wọ́n ń yà sókè, síwájú àti sísàlẹ̀. Èyí tó yà sísàlẹ̀ ló ń wú yanrìn àárín. Odi òkúta sì ti dí ọ̀nà ẹ̀yìn pa, kò sí omi tó ń débẹ̀ láti gbé pàǹtírí.

Òkúta ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ fà á kúrò lára gíláàsì ẹ̀yìn tó 8 sí 10 cm. Ẹ pín odi náà sí erékùṣù méjì, kí àyè bíi 15 cm wà láàárín wọn, kí ihò tí omi lè gbà kọjá sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí òkúta gbọ́dọ̀ jókòó sórí gíláàsì ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ orí yanrìn ló jókòó sí, ẹja tó ń gbẹ́lẹ̀ lè mú kó wó. Ẹ má ṣe é tán lọ́jọ́ kan. Ẹ ṣe ìdajì, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ kí ẹ tó ṣe ìdajì kejì, torí pàǹtírí tó ti pẹ́ lábẹ́ òkúta máa tú jáde, ó sì lè ba omi jẹ́. Bí ẹ ṣe ń gbé òkúta ni kí ẹ máa fi rọ́bà fa ìdọ̀tí náà síta, kí ẹ fi omi iyọ̀ tuntun tí ìgbóná àti iyọ̀ rẹ̀ bá ti táǹkì mu dípò èyí tó jáde.

Ó wá kan wavemaker. Ẹ sún ti òsì síwájú, sí ìdá mẹ́ta iwájú gíláàsì ẹ̀gbẹ́, 10 sí 12 cm sábẹ́ ojú omi, kó kọjú díẹ̀ sí gíláàsì iwájú, kó sì gbójú sókè díẹ̀. Ẹ sún ti ọ̀tún sẹ́yìn pátápátá, kó máa fẹ́ omi gba ọ̀nà tó ṣí sẹ́yìn òkúta. Èyí tó gba iwájú lọ sọ́tùn-ún á pàdé èyí tó gba ẹ̀yìn padà sósì, igun ẹ̀yìn tí cyano ti ń tẹ́ ò sì ní rójú sinmi mọ́. Tí ẹ bá gbọ́ tí pọ́ǹpù ń fa afẹ́fẹ́, tí ihò omi sì ń yí po lókè rẹ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ sí i.

---

Abẹ̀bẹ̀_Mẹ́ta:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ òkúta pátápátá. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n Olómi_Iyọ̀, ẹ jẹ́ kí n jiyàn díẹ̀: kí omi méjì forí gbárí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ibi tí omi ti kọlu omi ni rúkèrúdò tí iyùn fẹ́ ti ń wá. Kí agbára wọn dọ́gba nígbà gbogbo ló burú, torí ojú kan náà ni ìkọlù náà ń ṣẹlẹ̀ sí. Tí ti òsì bá wà ní 70% nígbà tí ti ọ̀tún wà ní 30%, tí wọ́n sì pààrọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tàbí ìṣẹ́jú mélòó kan, ibi ìkọlù náà á máa rìn láti òpin kan dé èkejì.

Pọ́ǹpù DC (èyí tí agbára rẹ̀ ṣeé yí) tó ní kọ̀ntírólà ló lè ṣe èyí. Ẹ má lọ fi tímà máa tan pọ́ǹpù AC lásán (èyí tó ń fi agbára kan náà ṣiṣẹ́), kí ẹ tún máa pa á léraléra. Wọn ò ṣe é fún ìyẹn: á máa lu ara rẹ̀ nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá àárín abẹ̀bẹ̀ á jẹ, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí sẹ́yìn.

Ètò tó bá táǹkì yín mu: lọ́sàn-án, kí agbára máa lọ sókè sódò láìní ìlànà kan, láàárín 40% sí 80%, kí ọ̀kan máa dáhùn èkejì. Lálẹ́, ẹ lè mú un wá sí 30% sí 50%, ṣùgbọ́n ojú omi gbọ́dọ̀ máa mì. Nígbà tí iná bá kú, kò sẹ́ni tó ń ṣe ọ́síjìn nínú táǹkì mọ́, gbogbo wọn ló ń mí in. Carbon dioxide á pọ̀, pH á sì lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá pa wavemaker lóru torí ariwo ń fún ẹja rẹ̀ lọ́rùn ni.

Ẹ̀rọ tún ní irú ìgbì kan tó ń gbé gbogbo omi inú táǹkì lọ, tó tún ń gbé e bọ̀. Tí táǹkì bá gùn ní 120 cm tí omi inú rẹ̀ jìn tó 46 cm, àlọ àti àbọ̀ ìgbì náà máa ń gba bíi ìṣẹ́jú àáyá 1.3 sí 1.4. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù kan tàn fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 0.7, kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 0.7, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí omi fi máa gòkè sọ̀ kalẹ̀ ní òpin méjèèjì. Sẹ̀ǹtímítà kan ti tó. Ẹ má wá 3 cm nítorí pé ó dùn-ún wò, torí gọ́ọ̀mù tó so gíláàsì pọ̀ ló ń gba ìyà yẹn ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá. Tí ìdúró táǹkì bá ń mì, ẹ pa á.

Ní ti gyre, èyí tí ń tú omi jáde ní fífẹ̀ bí ẹní: ó dára gan-an fún táǹkì gígùn, ó sì máa ń gbá gbogbo ìsàlẹ̀ mọ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bùṣì rẹ̀ (ibi tí ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ ti ń yí) máa ń jẹ kíákíá, fífọ̀ rẹ̀ sì gba sùúrù. Ẹni tí kì í fọ pọ́ǹpù, kó má rà á.

---

Ojú_Lalákàn:

Kẹ́ ẹ tó gbàgbọ́ pé ibì kan ń rí omi, ẹ dán an wò. Ẹ pa skimmer, ẹ fún brine shrimp (edé kéékèèké) dídì tó ti yọ́ ní ìwọ̀n ìka méjì sínú omi táǹkì fúnra rẹ̀, ẹ wo bí ó ṣe ń lọ. Ibi tí èyí tó wúwo bá jókòó sí láìdìde fún ìṣẹ́jú kan, omi ti kú níbẹ̀. Ẹ ṣe é ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta: iwájú, ẹ̀gbẹ́, àti láti òkè. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo iwájú nìkan.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí iyùn fúnra rẹ̀ jẹ́rìí:

Torch, hammer àti frogspawn (LPS ọlọ́wọ́ ni wọ́n): kí ọwọ́ wọn máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí koríko nínú atẹ́gùn, kí ó má ṣe tẹ̀ sápá kan. Tí ẹran ara rẹ̀ bá ń fara gún egungun tirẹ̀, ó máa ya, ojú ọgbẹ́ yẹn ni àrùn sì ń gbà wọlé. 20 cm sí 30 cm láti ẹnu pọ́ǹpù kò tó fún un rárá, ẹ gbé e jìnnà sí i.

Trachyphyllia, Scolymia àti àwọn tí ń jókòó sórí yanrìn: ìṣàn jẹ́jẹ́. Tí yanrìn bá ń dà lé wọn lórí, wọn ò ní wú.

Leather (irú iyùn rírọ̀ kan): èyí fẹ́ agbára ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Lóòrèkóòrè ó máa ń ká pólípù rẹ̀ wọlé, á yọ awọ kan tó ń dán bí ìda. Omi tó lágbára ló ń bọ́ ọ kúrò. Níbi tí omi ti rọra, awọ yẹn máa ń dúró lé e, algae á hù sórí rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ á jẹrà.

Acropora: omi púpọ̀, láti ọ̀nà púpọ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ tààrà láti ẹnu pọ́ǹpù. Èyí tí wọ́n tú omi lù tààrà máa ń pàdánù awọ ní ojú kan náà tí omi ti ń bá a, ibẹ̀ á funfun gbàrà. Tiyín ń funfun nídìí, ohun mìíràn ni. Nígbà tí Acropora bá ń dàgbà, ẹ̀ka rẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń dí omi àti iná mọ́ àárín àti ìdí rẹ̀. Ìṣàn tó tó nígbà tó ṣì kéré lè má tó mọ́ nígbà tó bá ti di igbó. Ẹ wo bóyá pàǹtírí wà láàárín ẹ̀ka, ẹ fi ike gígùn olórí rọ́bà tí a ń tẹ̀ fa omi fẹ́ ẹ. Tó bá rú jáde bí èéfín, ìdáhùn yín nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má da gbogbo ẹ̀bi lé ìṣàn. Ẹ wọn alkalinity (ìwọ̀n ohun tó ń dènà kí omi di kíkan) fún ọjọ́ mélòó kan ní wákàtí kan náà. Tó bá ń fò ju 1 dKH (òṣùwọ̀n alkalinity) lọ láàárín ọjọ́ kan, ìyẹn nìkan tó láti mú ìdí Acropora funfun, kò sì sí wavemaker tó lè tún un ṣe. Tí funfun náà bá ń gòkè láàárín wákàtí, ẹ gé ẹ̀ka tó ṣì dára kúrò, ẹ má dúró wò ó.

Cyano náà kò ní lọ nítorí ìṣàn nìkan. Ẹ fà á jáde, ẹ wo nitrate àti phosphate (ohun tó ń bọ́ cyano). Ìṣàn á kàn gba ibùsùn lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

---

Olùtọ́jú_Iyùn:

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti rí i pé ètò ló ṣẹ́ mi. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù: irú yanrìn wo ló máa dúró? Ṣé kí n pa gbogbo pọ́ǹpù nígbà tí mo bá ń fún wọn lóúnjẹ? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ tí wavemaker bá ti rẹ̀?

---

Olómi_Iyọ̀:

Yanrìn aragonite tí hóró rẹ̀ jẹ́ 1 sí 2 mm ló ń dúró. Èyí tó rí bíi ṣúgà máa ń fò ní táǹkì tó ní Acropora, ẹ lè tú u ká lóòjọ́, ọ̀la á tún ti kó sí igun kan. 3 sí 4 cm ní jíjìn ti tó. Tí ẹ kò bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ gbé imú pọ́ǹpù sókè díẹ̀, kí ó má sì sún mọ́ yanrìn ju 15 cm lọ.

Ní ti oúnjẹ: ẹ pa wavemaker fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí kọ̀ntírólà fúnra rẹ̀ tún un tàn. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ pa á máa gbàgbé lọ́jọ́ kan. Tí ẹ bá tún pa pọ́ǹpù sump kí oúnjẹ má bàa gba overflow lọ, ẹ wo nǹkan kan kẹ́ ẹ tó máa ṣe é lójoojúmọ́: nígbà tí pọ́ǹpù yẹn bá dúró, omi á máa fà padà gba páìpù rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ títí afẹ́fẹ́ fi máa wọ ẹnu páìpù náà. Tí ẹnu yẹn bá wà ní 20 cm sábẹ́ omi, táǹkì yín gbogbo 20 cm máa lọ sínú sump, ilẹ̀ ilé á sì gba ìyókù. Ẹ lu ihò 5 mm sára páìpù náà, díẹ̀ sábẹ́ ojú omi, kí ẹ máa yọ algae inú rẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé check valve (fáàfù tó ń jẹ́ kí omi gba ọ̀nà kan ṣoṣo), torí ẹ̀fun àti ìgbín kékeré kan tó bá há sí i ti tó láti má jẹ́ kó pa dé. Ẹ yọ pọ́ǹpù lára iná, ẹ dúró títí omi fi máa tán, ẹ fi àmì sí ibi tí omi sump kún dé. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún un tàn tí gbogbo rẹ̀ ti dúró, ẹ fàmì kejì síbi tí sump sọ̀ kalẹ̀ sí. Omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju àmì kejì yìí lọ nígbà tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́.

---

Abẹ̀bẹ̀_Mẹ́ta:

Ẹ óò mọ̀ pé ó ti rẹ̀ tí ìdánwò oúnjẹ tí Ojú_Lalákàn sọ bá ń jókòó síbi tí kì í jókòó sí tẹ́lẹ̀, tàbí tí ọ̀pá rẹ̀ bá ń ké. Ẹ̀fun ló sábà máa ń fà á, àti algae pupa líle tó ń bo àgò iwájú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì sí mẹ́ta: ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ tú u, ẹ po citric acid gíráàmù 50 sí 60 mọ́ lítà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, ẹ rì í sínú rẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Fínígà funfun tí a fi omi là sí ìdajì náà ń ṣe é, ó kàn ń pẹ́ jù. Ẹ má pò wọ́n mọ́ bleach láéláé. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín gbá ihò abẹ̀bẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àti bùṣì méjèèjì, kí ẹ fi omi mímọ́ ṣan án. Tí mágínẹ́ẹ̀tì bá ti wú tàbí tó là, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí ìpẹta inú rẹ̀ máa ń bọ́ sínú omi.

Lẹ́yìn fífọ̀, ẹ má dá a padà sí 80% lẹ́ẹ̀kan náà. Agbára rẹ̀ ti padà, iyùn ò tíì mọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 50%, kí ẹ máa fi 10% kún un lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Tí ẹ bá ní anemone (ẹran òkun tó lè rìn kiri inú táǹkì), ẹ fi fóòmù bo ẹnu pọ́ǹpù kó tó rìn dé ibẹ̀, kí ẹ sì máa fọ fóòmù náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí tó bá dí, pọ́ǹpù ò ní rí omi fà.